Àkísà Àgbà: Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Kúkurú tí ó Jọ Téèpù Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Àwọn àgbà a máa ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe fíìmù kúkurú tí yóò jọ fídíò ayé àtijọ́ kọ́kọ́ fi síwájú ara rẹ̀, nítorí pé àkísà gan-an ni ó ń wá: àwọ̀ tí ó ti ṣí, ìlà funfun tí ń sáré gba ojú àwòrán kọjá, ohùn tí ń gbọ̀n, ojú ènìyàn tí etí rẹ̀ kò gún mọ́. Aṣọ tuntun ni kámẹ́rà òde òní ń dá fún ni ní gbogbo ìgbà, títí kan èyí tí ó wà nínú fóònù tí a ń mú lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sọ aṣọ tuntun di àkísà láìmọ bí aṣọ ṣe ń gbó, ibi tí kò yẹ kí ó ya ni yóò ya á.

Ohun tí mo fi gbogbo ọkàn gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí àbùkù kan lára téèpù tí kò ní ohun tí ó bí i, àti pé ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó bí àbùkù nìkan ni ó lè fi àbùkù náà sọ ìtàn. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ó fi yẹ kí a ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wò ó. Abẹ́òkúta, ìlú tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, wọ̀ ní 1830, tí wọ́n fi abẹ́ àpáta Olúmọ ṣe ibi ìsádi, kì í ṣe ìlú tí ìrántí ṣe àjèjì sí. Níbẹ̀ ni Henry Townsend, àlùfáà ìjọ C.M.S., ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859 fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, níbẹ̀ náà sì ni Túndé Kèlání, ọ̀gá nínú àwọn tí ń fi kámẹ́rà sọ ìtàn Yorùbá, ti dàgbà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àgbà, tí ó sì ti lọ sí Abẹ́òkúta Grammar School. Nígbà tí Kèlání padà wá sí ìlú náà láti ya Ayinla, tí àwọn ilé sinimá gbé jáde ní 2021, tí Lateef Adédiméjì sì ṣe olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀, ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá onápàlà tí ó kú ní Abẹ́òkúta ní oṣù karùn-ún ọdún 1980, ni ó sọ fún wa. Aṣọ, ọkọ̀, ògiri ilé, orin àti ẹnu Ẹ̀gbá ni ó fi dá ìgbà náà padà, kì í ṣe ìlà téèpù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ, nítorí pé nígbà tí Àyìnlá ń kọrin ní àwọn ọdún 1970, ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ni fídíò ti wọ̀; ẹni tí ó bá fi ìrísí téèpù ilé bo ayé Àyìnlá, ó ti gbé ẹrù ẹlòmíràn lé e lórí.

Ilé iṣẹ́ Sony ní ilẹ̀ Japan gbé U-matic jáde ní 1971, irinṣẹ́ tí ó bá àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn mu ju ìyẹ̀wù ẹni lọ. Ní 1975 ó gbé Betamax jáde, ní 1976 ilé iṣẹ́ JVC sì fi VHS dá a lóhùn, èyí tí téèpù rẹ̀ fẹ̀ ní ìdajì ínṣì, tí ó sì borí níkẹyìn nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan gba eré gígùn, àti pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó ń bá JVC ṣe é. Ní àkókò kan náà ni àwọn eléré ìtàgé Yorùbá, àrólé àwọn alárìnjó, ń bọ́ sí orí fíìmù gidi. Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún ní 1976. Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣoṣà, gbé Aiyé jáde ní 1979. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tí a mọ̀, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, àfi bí àwọn olè ti jí eré náà dà sí kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń tà á káàkiri, tí gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí pé kí téèpù tó di ilé fún àwọn eléré wa ni ó ti kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀tá wọn. Nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, tí kò sí ẹni tí ó lè ra fíìmù gidi tàbí san owó tí a ó fi fọ̀ ọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè mọ́, àwọn òṣèré gbé kámẹ́rà fídíò, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣoṣo Méjì ti Adé Ajíbóyè, ní 1988, ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ ìtàn sinimá wa ń dárúkọ ṣáájú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Kenneth Nnebue, ẹni tí ó ti ń náwó lé eré fídíò Yorùbá lórí ṣáájú, gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò. Ní 1993 sì ni Kèlání bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú Ti Olúwa Nilẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kí fíìmù òun jọ téèpù, ìbéèrè tí mo máa ń bi í ni pé: téèpù ta ni? Téèpù ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ, inú ilé oní-ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n ti ya á, gíláàsì inú kámẹ́rà ìgbà náà sì ń mú kí iná mànàmáná tàbí dígí tí ń dán fa ìrù lẹ́yìn bí ẹni tí ó mú un bá ti ń rìn. Téèpù òde ìnáwó, ti ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ìwúyè, ojúlówó ni ó sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ó gbé kámẹ́rà lé èjìká láti àárọ̀ di alẹ́ ni ó ti wá. Téèpù eré tí a rà ní ọjà, ẹ̀dà ẹ̀dà ni: láti ọwọ́ olùdarí eré dé ọwọ́ oníṣòwò ní Ìdúmọ̀tà ní Èkó, láti Ìdúmọ̀tà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń yá ènìyàn ní kásẹ́ẹ̀tì ní Lafẹ́nwá tàbí Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí ó tún tẹ tirẹ̀, ní gbogbo ibùdókọ̀ wọ̀nyí ni àwọ̀ ti ń sọ díẹ̀ nù, tí ariwo sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá yan ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó kàn da gbogbo àbùkù wọn pọ̀, kò ya téèpù ẹnikẹ́ni.

Ìṣe téèpù fúnra rẹ̀ ni ó kàn. Ìlànà PAL tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn wa lò ní ìgbà téèpù máa ń fi ìlà 625 kọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń kọ wọ́n ní ìdajì-ìdajì, ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún ṣáájú, àwọn ìlà àárín wọn lẹ́yìn, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà 50 ni ojú ń rí ìṣípòpadà nínú ìṣẹ́jú-àáyá náà. Ìdí nìyí tí ijó fi máa ń yọ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú fídíò ju inú sinimá lọ, ohun yìí gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń gbàgbé: wọ́n á fi àwòrán 24 ya eré wọn, wọ́n á wá da ìlà fídíò lé e, ojú ẹni tí ó dàgbà ní àwọn ọdún 1990 á sì kọ̀ ọ́, bí olúwarẹ̀ kò tilẹ̀ lè sọ ohun tí ó ṣe é. VHS kò lè di ju nǹkan bí ìlà 240 mú láti ẹ̀gbẹ́ kan ojú àwòrán dé ìkejì. Ti àwọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìyẹn. Òye tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ojú ènìyàn ń wá ìrísí ṣáájú àwọ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe é fi fún àwọ̀ ní àyè tóóró.

Ẹ wo bí ìwọ̀nyí ṣe ń kan òde Ẹ̀gbá. Bí wọ́n bá fi aṣọ pupa ṣe aṣọ ẹbí, pupa náà á ṣàn kọjá èjìká ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bọ́ sí ara ògiri. Nínú gbogbo àwọ̀, òun ni ó máa ń ya aláṣejù jùlọ nínú téèpù. Léèsì funfun nínú oòrùn ọ̀sán á pàdánù gbogbo ihò àti òdòdó ara rẹ̀, á di funfun gbalaja. Bí aṣọ òkè bá ní ìlà tín-tìn-tín, tàbí tí àdìrẹ Ìtòkú bá ní àmì wẹ́wẹ́ tí ó sún mọ́ra, òṣùmàrè kékeré á máa jó lójú rẹ̀ bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti ń mira, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń ka àmì wẹ́wẹ́ sí àwọ̀. Bí oníkámẹ́rà bá sì dúró nísàlẹ̀, tí ó ń ya àwọn ìyá tí ó dúró lórí Olúmọ pẹ̀lú ojú ọ̀run lẹ́yìn wọn, kámẹ́rà á fúnra rẹ̀ pa ìmọ́lẹ̀ dé nítorí ojú ọ̀run, ojú àwọn ìyá á sì ṣókùnkùn biribiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ni ó wà nínú téèpù àtijọ́ tí a kò lè dá mọ̀ nítorí èyí. Ohun tí ó dùn mí ni, mi ò sì rò pé ó yẹ kí olùdarí eré máa fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Bí ojú ẹ̀dá ìtàn bá máa ṣókùnkùn nínú fíìmù rẹ, jẹ́ kí ó jẹ́ níbi tí a ti ń wá ojú náà, tí àìrí rẹ̀ sì ń dun ni.

Ohùn náà ní ìṣe tirẹ̀. Gbohùngbohùn orí kámẹ́rà ń gbé ohùn sókè nígbà tí ibi gbogbo bá dákẹ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ariwo bá pọ̀. Nítorí náà, bí onílù bá lu ìlù kan pàá, ohùn àwọn tí ń kírun tàbí tí ń kí ara wọn á rì, bí ìlù bá sì dákẹ́, ìró ṣíṣì-ṣíṣì téèpù fúnra rẹ̀ á dìde, àti ti jẹnẹrétọ̀ tí ń kùn lẹ́yìn ilé. Ìró ìdìde àti ìrìsílẹ̀ yìí sọ ibi tí a wà ju ìlà orí àwòrán lọ. Ẹni tí ó bá fi ohùn mímọ́ gaara tí a gbà nínú yàrá sí abẹ́ àwòrán tí ó ti gbó, irọ́ rẹ̀ á tú kí ẹ̀dá ìtàn kejì tó sọ̀rọ̀.

Àwọn àbùkù tí gbígbó téèpù ń mú wá yàtọ̀ sí èyí tí téèpù tuntun ní. Bí ìpara ìpẹta orí téèpù bá bọ́ díẹ̀, ìlà funfun kúkurú á hàn, á sì parẹ́; bí ẹ̀rọ kan bá yà á, tí ẹ̀rọ mìíràn ń gbé e wò, tí ọ̀nà wọn kò bá ara mu, ìlà gbọọrọ á wọ́ kọjá; níbi tí oníkámẹ́rà ti dá a dúró tí ó tún bẹ̀rẹ̀, àwòrán á fò, àwọ̀ á sì dàrú fún ìṣẹ́jú bíńtín. Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí: ọ̀já tóóró tí ó ya ní ìsàlẹ̀ àwòrán, èyí tí ó ń wá láti inú bí àwọn orí tí ń ka téèpù ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bí ìlù tí wọ́n wà lára rẹ̀ ti ń yí ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà tí ń ṣe àfarawé VHS ni ó ń fi ọ̀já yìí sí i. Àwa tí a wo téèpù nígbà náà kò rí i, nítorí pé etí tẹlifíṣàn ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í da téèpù sínú kọ̀ǹpútà ni ó yọjú. Bí ó bá hàn nínú fíìmù rẹ, ohun tí o ń sọ ni pé ẹnì kan lóde òní ni ó rí kásẹ́ẹ̀tì yìí tí ó ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe pé a wà ní 1991. Yálà èyí tàbí ìyẹn, kò sí èyí tí kò dára, bí o bá ti mọ èyí tí o ń sọ. Ṣùgbọ́n hóró ara fíìmù, eruku àti àwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn kan tún máa ń fi kún un, ti fíìmù gidi ni wọ́n, wọn kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú téèpù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn oníṣẹ́ ń gbà dé ìrísí téèpù. Ti àkọ́kọ́ ni pé kí a wá kámẹ́rà àtijọ́ kan, kí a fi ya gbogbo eré. Pablo Larraín ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Chile nígbà tí ó ń ṣe No, fíìmù 2012 lórí ìdìbò 1988 tí ó lé ìjọba Pinochet lọ: kámẹ́rà U-matic ìgbà náà ni ó lò, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó so àwòrán òṣèré rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwòrán ìròyìn gidi ti 1988, ojú kò rí oríkèé. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún wa, nítorí pé Larraín ní ìdí: ó fẹ́ kí òkú àti alààyè jókòó sí orí ẹní kan. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà báyìí ti ṣọ̀wọ́n, bátìrì wọn ti kú, ilé iṣẹ́ Funai tí ó ṣẹ́kù tí ń ṣe ẹ̀rọ VHS sì dáwọ́ dúró ní 2016. Ọ̀nà kejì ni ti ètò kọ̀ǹpútà, ó rọrùn, kò wọ́n, ọwọ́ gbogbo ènìyàn ni ó wà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń tún ara rẹ̀ sọ, ìlà kan náà á kọjá ní ibi kan náà, òǹwòran tí ojú rẹ̀ là á mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kẹta ni mo fara mọ́ fún ọ̀dọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Kí ó fi fóònù tàbí kámẹ́rà òde òní ya eré, àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Kí ó gé ojú àwòrán sí ìwọ̀n mẹ́rin sí mẹ́ta ti tẹlifíṣàn àtijọ́. Kí ó jẹ́ kí ohun gbogbo hàn láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí kámẹ́rà ìgbà náà kì í sọ ẹ̀yìn ènìyàn di ìkùukùu. Lẹ́yìn èyí ni kí ó ti ẹnu okùn oníyẹ́lò kọjá sínú ẹ̀rọ VHS kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì, kí ó sì tún dà á padà sínú kọ̀ǹpútà. Bí ti ọjà ni ó ń ṣe, kí ó ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà. Kí ó má ṣe gbàgbé láti tọ́jú ojúlówó mímọ́ náà, nítorí pé ohun tí téèpù bá jẹ kì í pọ̀ ọ́ padà. Bí ó ti wù kí ó rí, kò sí bí a ṣe lè ṣe ẹ̀bọlọ̀ kí ó má rùn ìgbẹ́: bí kámẹ́rà bá ń léfòó ní ọ̀run lórí dírónù, tàbí tí ó ń yọ́ rìn láìmì, téèpù kankan kò lè sọ ọ́ di 1991. Oníkámẹ́rà òde ìnáwó ń sún àwòrán mọ́ tòsí lójijì, ó ń tọ ojú àwọn tí ó jókòó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ tábìlì dé òpin rẹ̀, ó sì ń fi iná kan ṣoṣo tí ó so mọ́ orí kámẹ́rà lépa ẹni tí ń jó, tí ẹni náà á fi di ojú. Ìwà ọwọ́ náà ni kí a kọ́kọ́ kọ́.

Ohun tí ó wà níwájú kámẹ́rà kò sì ní dárí ji ẹni tí kò bá bìkítà. Ní òde ìnáwó 1990, náírà ogún oní Murtala, tí ó jáde ní 1977, ni owó tí ó tóbi jù tí ènìyàn lè ná lé olórin lórí. Àádọ́ta náírà dé ní 1991, ọgọ́rùn-ún ní 1999, ẹgbẹ̀rún kan ní 2005. Nọ́ńbà ọkọ̀ yí padà ní 1992. Àtúnṣe 2006 ni ó gbé ẹ̀rọ agbéniròkè dé Olúmọ, àwọn afárá tí ó gba orí ọ̀nà kọjá láàárín ìlú sì jẹ́ ti ìgbà ìjọba Ìbíkúnlé Amósùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Òrùlé páànù pípọ́n tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ lábẹ́ Olúmọ, ògo ojú Abẹ́òkúta, ṣì wà. Ẹ yà á kí ó tó tán.

Ìtàn tí ó bá ìrísí yìí mu jù, lójú tèmi, ni èyí tí kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dá ìtàn nínú rẹ̀. Nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì wọ́n, àwọn ará ilé a máa tẹ ohun tuntun lé ohun àtijọ́: ìwàásù á parí, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n tí ó ti wà nísàlẹ̀ á yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyá tí ó ti kú á sì jó wọlé. Ẹ wo bí eré kékeré ṣe lè bá èyí rìn láìsí ìlà àfọwọ́fà kan! Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó bá gbé ìyá náà yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a kò tún rí i mọ́, yóò fi téèpù sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ṣùgbọ́n bí téèpù ẹbí kan ni a ó lò, a gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ olórí ẹbí, kí a sì jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wò ó.

Àwọn téèpù gidi wọ̀nyí ni ó ń jẹ mí lọ́kàn ju fíìmù tuntun lọ. Àjọ UNESCO àti ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán lágbàáyé, IASA, kéde ní 2019 pé láti nǹkan bí 2025 lọ, ó lè má ṣeé ṣe mọ́ láti gbé ọ̀pọ̀ téèpù kalẹ̀, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ tí ń kà wọ́n ń tán. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń bu ẹ̀fun funfun lé wọn lára nínú àpótí. Ilé iṣẹ́ BBC pàápàá, tí kò tòṣì, pa ọ̀pọ̀ téèpù tirẹ̀ rẹ́ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 láti tún wọn lò, ó sì ń wá wọn títí di òní. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ọ̀dọ́ tí ó bá ti ra ẹ̀rọ VHS àti wáyà láti fi ṣe fíìmù tirẹ̀, irinṣẹ́ kan náà ni yóò fi da téèpù àdúgbò sínú kọ̀ǹpútà, mo sì gbàgbọ́ pé kí ó ṣe iṣẹ́ yẹn ṣáájú, nítorí pé inú rẹ̀ ni yóò ti rí gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí lójú ara rẹ̀. Bí ẹ̀fun bá wà lára téèpù, kí ó má tì í bọ ẹ̀rọ. Yóò kó o ran àwọn yòókù.

Ó ku ibi tí a ó ti fi fíìmù náà hàn. Fíìmù tí ó jọ téèpù kì í dúró dáadáa lójú fóònù, nítorí ojú fóònù kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àbùkù á farasin. Bí a bá sì jù ú sí ara ògiri gbọ̀ngàn ńlá, bíi Centenary Hall ní Aké tí wọ́n kọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú, ìlà 240 yẹn á fọ́ wẹ́wẹ́, àwọn tí ó wà níwájú kò ní rí ju àwọ̀ lọ. Bí tẹlifíṣàn àtijọ́ bá wà, tí ó ní ikùn lẹ́yìn, ẹ gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí orí tábìlì, ẹ pín òǹwòran yí wọn ká. Bí kò bá sí, ẹ dín àwòrán kù sí àárín aṣọ funfun, ẹ fi dúdú yí i ká, ẹ sì gbé àga ìlà àkọ́kọ́ sẹ́yìn.